Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Texapon àti Kalikulétọ̀ Tó Ti Kú Rí Kírísítálì Olómi Nílé

Ìyá Àánú tó ń ṣe ọṣẹ olómi lẹ́yìn ilé wa ní Agbowó n'Ìbàdàn ló fi ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ó gbé orógùn sókè, Texapon, èròjà tó ń mú ọṣẹ hó, tó wà lẹ́nu orógùn náà kò jábọ́, kò sì ṣàn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wo nǹkan. Omi ni mo dà sí i o, ó wá le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ."

Òótọ́ ló sọ. Bí a bá bomi la ẹ̀kọ, ẹ̀kọ á ṣàn. Bí a bá bomi la ọbẹ̀, ọbẹ̀ á ṣàn. Texapon kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ á mú un dì bí ọ̀rá tó sùn sínú fíríìjì. Ìgbà tí omi bá pọ̀ gan-an ló tó rọ̀. Àwọn ọlọ́ṣẹ mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ohun tí wọn kò tíì rí ni pé ìbátan ohun tó ń mú kí nọ́ńbà hàn lójú kalikulétọ̀ ló wà nínú ike wọn yẹn: kírísítálì olómi ni, nǹkan tó ń ṣàn bí omi, àmọ́ tí mólékù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé wínníwínní tó para pọ̀ dì í, tò dé ìwọ̀n kan bíi ti òkúta iyọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àti owó kékeré ti tó láti fi ojú ara yín rí i, kí ẹ sì rí bí àdàlù mólékù tí ìrísí wọn kò bára mu ṣe ń yí i padà.

Ohun tí ẹ ń wá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú máa rí, torí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá á rò pé gíláàsì òun ló dọ̀tí.

Mólékù Texapon ní orí, ó ní ìrù. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ó ń sá fómi. Bí wọ́n bá pọ̀ nínú omi, wọ́n á kó ìrù jọ sáàárín, wọ́n á kọ orí síta. Irú àgbájọ tí wọ́n máa dá, ìrísí ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré: òkè rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ kó òkòtó púpọ̀ jọ, kí ẹ kọ ìdí gbogbo wọn síbi kan náà, bọ́ọ̀lù ni yóò dà. Bó bá jẹ́ agolo mílíìkì ni ẹ tò bẹ́ẹ̀, tí òkè àti ìdí rẹ̀ dọ́gba, kò lè di bọ́ọ̀lù láé. Á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní ni. Èyí tí kò ṣóńṣó tó òkòtó, tí kò sì dọ́gba tó agolo, á di ọ̀pá gígùn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Israelachvili, Mitchell àti Ninham, ló ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí síta ní 1976, òun ni àwọn onímọ̀ ṣì ń lò títí dòní.

Lẹ́yìn ìrísí, èrò ló kù, ìyẹn bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lójú kan. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lars Onsager, fi hàn ní 1949 pé bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bá pọ̀ tó lójú kan, wọ́n á tò sí ìhà kan náà fúnra wọn. Kò sí ohun tó ń fà wọ́n mọ́ra. Kí ọ̀kan má ṣáà lè gba inú èkejì kọjá ti tó. Ẹ tú ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kò sí èyí tó bìkítà fún èkejì. Ẹ kó o sọ́wọ́, bí ẹ ṣe ń fún un pọ̀ ló ń tò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdánù àyè láti yí, ó sì fi gba àyè láti rìn. Ẹni tí wọ́n bá ti kó sẹ́yìn mícrà láti Sángo lọ sí Dùgbẹ̀ mọ bó ṣe rí: èjìká gbogbo yín á kọ síbì kan náà, kò sì sẹ́ni tó pàṣẹ fún yín.

Àkọ́kọ́: asẹ́ ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ máa ń gbọ̀n sí gbogbo ìhà. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní polarizer, tó jẹ́ pé èyí tó ń gbọ̀n sí ìhà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó kọjá, bí asẹ́ ṣe ń jẹ́ kí omi ògì kọjá tó sì ń dá èèrí dúró. Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni màá máa pè é. Ó wà lójú ọ̀pọ̀ jù lọ kalikulétọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìwó Road fún mi ní kalikulétọ̀ mẹ́ta tó ti kú, kò sì gbowó.

Ẹ tú ẹ̀yìn kalikulétọ̀ náà, kí ẹ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ike kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú lẹ̀ mọ́ iwájú gíláàsì yìí, òmíràn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ti iwájú ni ẹ fẹ́. Ti ẹ̀yìn ní nǹkan bíi fàdákà lára tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kò wúlò fún wa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ ki ẹnu bíléèdì bọ igun kan, kí ẹ máa ṣí i lọ díẹ̀díẹ̀. Bí gíláàsì náà bá fọ́, omi tó wà láàárín rẹ̀ ni kírísítálì olómi fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ẹnu tàbí ojú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ dáadáa.

Gọ́ọ̀mù á ṣẹ́ kù lára ike náà. Ẹ fi sípírítì àti òwú nù ún. Ẹ má ṣe fi acetone tí wọ́n fi ń nu èékánná kàn án rárá. Òun ni mo fi nu àkọ́kọ́ tí mo yọ: ó ká kò, ó funfun, ó sì bàjẹ́ lójú mi.

Asẹ́ méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù, ojú rẹ̀ ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé funfun sórí rẹ̀, kí ẹ mú asẹ́ yín síwájú rẹ̀, kí ẹ máa yí i bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. Ibì kan wà tí ojú láptọ́ọ̀pù á ti dúdú kirikiri. Ẹ dá a dúró síbẹ̀. Àwọn asẹ́ méjèèjì ti dábùú ara wọn nìyẹn: ohun tí ọ̀kan jẹ́ kó kọjá, èkejì ò gbà á. Bí kò bá sí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé asẹ́ kan sí méjì, kí ẹ fi iná fóònù tí ẹ da bébà funfun bò ṣe ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ẹ dán an wò. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ gíláàsì ní ìpele méjì mẹ́ta tí kò bára dọ́gba, kí ẹ fi sáàárín asẹ́ méjèèjì. Àwọ̀ á yọ, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, níbi tí ojú lásán ò ti rí nǹkan kan. Ohun tí mólékù rẹ̀ bá ti tò sí ìhà kan máa ń yí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ á sì ríbi yọ lára asẹ́ kejì. Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ lo ife ike: ike ní ìlà tirẹ̀, á sì ṣì yín lọ́nà. Gíláàsì ni kí ẹ lò látòkè délẹ̀. Àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé máa ń ní wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù. Ẹ ní kí wọ́n bá yín fi òkúta ra etí rẹ̀.

Ìkejì: bíbu omi là

Ní Ògúnpa ni mo ti ń ra Texapon tèmi. Ẹ bèèrè èyí tí wọn kò tíì bomi là, tó nípọn, tó sì ń dán bíi jẹ́lì. Nínú irú èyí, ìdá 70 nínú 100 ni ojúlówó èròjà, ìyókù jẹ́ omi. Nínú gíráàmù 10, gíráàmù 7 ni èròjà. Bí ẹ bá fẹ́ ìdá 50, ẹ fi 0.5 pín 7, ó di 14, ẹ yọ 10 kúrò, gíráàmù 4 omi lẹ máa fi kún un nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí iye wọ̀nyí, gíráàmù ni gbogbo wọn:

Ìgò A: Texapon 10, omi kò sí (70%)
Ìgò B: Texapon 10, omi 4 (50%)
Ìgò D: Texapon 10, omi 7.5 (40%)
Ìgò E: Texapon 10, omi 25 (20%)
Ìgò Ẹ: Texapon 10, omi 60 (10%)

Òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì tí àwọn oníkéèkì ń lò tó fún un. Píọ́ wọ́tà ni kí ẹ lò, torí omi kànga lè ní èròjà tirẹ̀.

Rírò rẹ̀ ló ń gba sùúrù. Ẹ gbé àwọn ìgò náà sínú bàsíà omi gbígbóná, ẹ má gbé wọn ka iná, kí ẹ sì máa rò ó jẹ́jẹ́ kó má baà hó. Ìfóófòó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ẹ ó sì máa rí ohun tí kò sí. Ẹ fi ọ̀rá dé wọn, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. B àti D lè gba òru méjì. Bí ẹ bá ṣì rí kókó nínú wọn, kò tíì pò.

Ìkẹta: wíwò

Ẹ bu ohun tó tó ẹ̀wà kan, kí ẹ fi sáàárín gíláàsì wẹ́wẹ́ méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé e síwájú láptọ́ọ̀pù, kí asẹ́ wà níwájú rẹ̀ ní ìdúró tó mú kí gbogbo rẹ̀ dúdú.

Ẹ fi ìgò E àti ìgò Ẹ ṣe àkọ́kọ́. Òkùnkùn. Bí ẹni tí kò fi nǹkan kan síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kéékèèké ni mólékù inú rẹ̀ kó ara jọ sí, bọ́ọ̀lù kò ní ìhà, wọ́n fọ́n ká nínú omi, kò sóhun tó ń yí ìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé A síbẹ̀. Níbi tí òkùnkùn wà, ìmọ́lẹ̀ á tàn lójú ibẹ̀ nìkan, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bí òróró lójú àgbàrá. Ẹ fi ìka ti gíláàsì òkè díẹ̀: àwọn ìlà náà á fà, wọ́n á tẹ̀ lé ìka yín, ibi tó mọ́lẹ̀ á ṣókùnkùn, ibi tó ṣókùnkùn á mọ́lẹ̀. Nǹkan tó ń ṣàn ni, síbẹ̀ ó tò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe gbogbo ilé.

B àti D náà á tàn, ṣùgbọ́n wọn ò ní fẹ́ ṣàn. Ìmọ́lẹ̀ wọn rí wóro-wóro, bí ẹ bá sì fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ lè rí ohun tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀.

Ìdáhùn fún Ìyá Àánú nìyí. Ní ìdá 70, mólékù Texapon tẹ́ bí ẹní lórí ẹní, omi tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, ẹní kan á sì máa yọ̀ lórí èkejì. Ìyẹn ló fi rọ̀. Bí omi bá wọlé díẹ̀ sí i, orí àwọn mólékù á rí àyè fẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ òkòtó, ẹní á já, á di ọ̀pá gígùn gígùn tó fún mọ́ra, mẹ́fà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bí ojú ilé afárá oyin. Ọ̀pá tó dì bẹ́ẹ̀ lè yọ̀ síwá sẹ́yìn lọ́nà gígùn rẹ̀, àmọ́ kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì wẹ́rẹ́, òun ló fi le. Ìgbà tí omi bá wá pọ̀ gan-an ni ọ̀pá náà á fọ́ sí bọ́ọ̀lù, tí ohun gbogbo á ṣàn. Mo fi hàn án, ó di ìgò B mú, ó tẹjú mọ́ ọn títí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, ìyẹn ni pé omi tí mo kọ́kọ́ dà kéré ni." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà.

Ìkẹrin: fífi ìrísí lu ìrísí

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ máa bu ìdajì gíráàmù iyọ̀ sínú ìgò Ẹ, kí ẹ rò ó kó yòrò kí ẹ tó bu òmíràn. Orí mólékù Texapon gbé agbára iná mànàmáná kan náà dání, ìyẹn ló fi ń ti ara wọn sẹ́yìn. Iyọ̀ máa ń pẹ̀tù sí ìjà yẹn, orí á sún mọ́ orí, òkòtó á dín ní ṣíṣóńṣó, bọ́ọ̀lù á sì gùn di ohun tó dà bí ekòló. Nínú ìgò tèmi, nígbà tí iyọ̀ fi tó bíi gíráàmù 2, ó ti ń fà bí ewédú. Ẹ má ṣe bu iyọ̀ jù: bó bá kọjá ààlà, ó tún máa ṣàn padà, bí gbogbo ọlọ́ṣẹ ṣe mọ̀.

Ẹ gbé ìgò yẹn sáàárín ìmọ́lẹ̀ àti asẹ́. Ó dúdú. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà kan gba inú rẹ̀ kíá: ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀ lé ẹ̀yìn igi náà, á sì kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ekòló yẹn kò pọ̀ tó láti tò fúnra wọn, ṣùgbọ́n ìṣàn máa ń tò wọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n tó tún dàrú.

Cetyl alcohol ló kàn, fúlẹ́ẹ̀kì funfun tí àwọn tó ń po ìpara ń rà. Orí mólékù rẹ̀ kéré, ìrù rẹ̀ gùn. Òkòtó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Bí ẹ bá dá a nìkan dà sómi, á kàn léfòó bí ìda ni. Ẹ wọn gíráàmù 20 nínú ìgò E sínú ìgò mìíràn, kí ẹ gbé e sínú omi gbígbóná tó tó 70 °C, kí ẹ bu gíráàmù 1 cetyl alcohol sí i, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́ pátá. 49 °C ló ti ń yọ́. Ẹ ṣe òmíràn pẹ̀lú gíráàmù 2. Nígbà tó ṣì gbóná, ẹ bu díẹ̀ sáàárín gíláàsì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa, kí ẹ wò ó.

Ó tàn! Ìgò E tó dúdú lánàá ló ń tàn yìí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi Texapon kún un. Òkòtó tó dojú délẹ̀ ló wọ àárín àwọn tó dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn dí, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe bí agolo: bọ́ọ̀lù ti di ẹní. Èyí tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè dá ṣe nínú omi tó pọ̀ tó báyìí, àdàlù wọn ṣe é.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan o. Bó bá tutù, cetyl alcohol tó pọ̀ jù lè dì sọ́tọ̀, ẹyọ ìda náà máa ń tàn. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé mo máa ń ti gíláàsì òkè. Kírísítálì olómi á fà, á sì yí ìrísí padà. Ẹyọ líle á kàn ṣí kúrò lójú kan ni, kò ní yí padà.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa wà nínú ọṣẹ dúdú. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú àdín ni lauric acid, eérú sì ní pọ́táṣì. Bí wọ́n bá pàdé nínú ìkòkò, irú ọṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní potassium laurate ni wọ́n ń bí. Potassium laurate yìí gan-an ni Yu àti Saupe dà pọ̀ mọ́ omi àti decanol ní Amẹ́ríkà ní 1980. Decanol náà jẹ́ olórí kékeré bíi cetyl alcohol wa. Wọ́n rí i pé àgbájọ tó rí bí ọ̀pá wà lápá kan, èyí tó rí bí àwo wà lápá kejì, àti láàárín wọn, irú kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí, tó tò sí ìhà gígùn tó sì tún tò sí ìhà fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ dúdú dán an wò ṣá, dúdú rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá.

Kalikulétọ̀ tí ẹ tú náà jẹ nínú àdàlù. Mólékù kan wà tí wọ́n ń pè ní 5CB, tí George Gray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nílùú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1972. Á dì ní bíi 24 °C, á sì di omi lásán ní bíi 35 °C. Ẹ fojú inú wo kalikulétọ̀ tó jẹ́ òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, ní ọ̀sán oṣù kẹta n'Ìbàdàn: ojú rẹ̀ á kàn pa ni. Wọ́n wá da mólékù mẹ́rin tí gígùn wọn yàtọ̀ pọ̀, wọ́n pè é ní E7. Torí pé wọn ò bára dọ́gba, wọn kì í lè tò pọ̀ wẹ́rẹ́ láti dì, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 60 °C.

Ìkarùn-ún: yíya àwòrán rẹ̀

Ẹ mú bébà gíráàfù. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ìdá Texapon, ìlà òró ni iye cetyl alcohol. Ẹ fi òbìrí dúdú sàmì sí ibi tí ìgò ti ṣókùnkùn, ìràwọ̀ síbi tó ti tàn tó sì fà, X síbi tí ẹyọ líle wà. Ìgò méjìlá tó láti rí ibi tí ààlà gbà kọjá. Ẹ má ṣe fipá fa ààlà náà gún. Nígbà mìíràn, ìgò tó bọ́ sórí ààlà á pín sí ipele méjì, ọ̀kan tàn, ọ̀kan ṣókùnkùn. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ohun tí Bawden, Pirie, Bernal àti Fankuchen rí ní 1936 nìyẹn nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ewé tábà, tó rí bí ọ̀pá, pín ara rẹ̀ sí méjì nínú ìgò wọn.

Ohun kan kò sí nínú àwòrán yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Texapon àti cetyl alcohol máa ń wọnú ara wọn. Àwọn ohun kan wà tí kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, van der Kooij àti Lekkerkerker da ọ̀pá wínníwínní àti àwo wínníwínní pọ̀ nínú omi kan ní 2000. Ọ̀pá ń fẹ́ ọ̀pá ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwo ń fẹ́ kójú kọjú. Nígbà tí èrò pọ̀, wọ́n pín ara wọn, ọ̀pá tò sí ipele tirẹ̀, àwo sí tirẹ̀, nínú ìgò kan náà. Bí ẹ bá ti ya àwòrán tiyín tán, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi àdàlù tuntun kọ̀ọ̀kan nìyẹn: ṣé wọ́n máa wọnú ara wọn ni, àbí wọ́n máa pínyà?

Ní ti ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ yọ àwọn ìgò tó ní cetyl alcohol sọ́tọ̀. Wọ́n máa ń dí páìpù, ẹ fi bébà nù wọ́n kí ẹ tó fọ̀ wọ́n. Ìyókù, ẹ dà á pọ̀, kí ẹ bomi là á kó tó ìdá 10, kí ẹ fi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fà. Ìyá Àánú ti fi tèmi fọ abọ́ tán.